Ẹ̀wù Tí Kọ́púrù Ní Kí Wọ́n Dáná Sun

Ní ọjọ́ tí adájọ́ òyìnbó dá Kọ́púrù Ṣàngótúndé, ọlọ́pàá Ògbómọ̀ṣọ́, sílẹ̀ ní Ọ̀yọ́, kò sí ẹni tó pariwo. Ohun tó kọ́kọ́ dẹ́rù bà á nìyẹn.

Ó ti ń retí òkúta, ó ti ń retí èébú. Ọjọ́ mọ́kànlá ni wọ́n fi gbọ́ ẹjọ́ náà, ojoojúmọ́ ni àwọn ará Ògbómọ̀ṣọ́ àti ará Ìrẹsà sì ń kún iwájú kóòtù. Àwọn mìíràn nínú wọn fi ẹsẹ̀ rin ọ̀nà náà fún ọjọ́ méjì gbáko. Nígbà tí ògbufọ̀ wá túmọ̀ ọ̀rọ̀ adájọ́ pé, "Kò jẹ̀bi, kí ó máa lọ sílé rẹ̀," Ṣàngótúndé jáde sínú oòrùn, ó de fìlà pupa rẹ̀, ó dúró lórí àtẹ̀gùn. Igba èèyàn ló ń wò ó, kò sí ẹni tó húkọ́. Àwọn ọkùnrin ṣí fìlà. Àwọn obìnrin tú gèlè, wọ́n gbé e kọ́ apá. Wọ́n wò ó títí òógùn fi bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàn sí i lójú. Lẹ́yìn náà gbogbo wọn kẹ̀yìn sí i lẹ́ẹ̀kan náà, wọ́n sì mú ọ̀nà Ògbómọ̀ṣọ́ pọ̀n.

Obìnrin kan ṣoṣo ló kù. Àjíkẹ́ ni, aláró Ìsàlẹ̀ Àfọ́n ní Ògbómọ̀ṣọ́, ìyàwó ọkùnrin tó kú sí àtìmọ́lé Kọ́púrù. Aró ti sọ ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì di dúdú dé ìgúnpá. Ó wo Kọ́púrù láti bàtà dé fìlà, bí ìgbà tí èèyàn ń wo aṣọ tó fẹ́ mọ bó ṣe gùn tó. Ó yí padà, ó tẹ̀lé àwọn yòókù.

Ọdún kẹta rèé tí ogun Jámánì parí. Ìjọba ń la ọ̀nà mọ́tò, wọ́n sì ń kó àwọn ọ̀dọ́kùnrin oko lọ síbi iṣẹ́ náà tipátipá. Ní Ìrẹsà, àwọn mẹ́fà sá lọ. Wọ́n ní Ògúndélé, ọkọ Àjíkẹ́, mọ ibi tí wọ́n sá sí. Kọ́púrù Ṣàngótúndé lọ mú un nínú oko iṣu rẹ̀ ní ọjọ́ Ajé, ó tì í mọ́ àtìmọ́lé ní Ògbómọ̀ṣọ́. Nígbà tó di Ọjọ́rú, wọ́n gbé òkú rẹ̀ jáde nínú ẹní. Ọrùn ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì ti bó. Joseph, wọ́dà tó ń ṣọ́ àtìmọ́lé, fi Bíbélì búra ní kóòtù pé wárápá ló gbé ọkùnrin náà ṣánlẹ̀. Ọdún mẹ́rìndínlógún ni Àjíkẹ́ ti fẹ́ ọkọ rẹ̀, kò rí wárápá lára rẹ̀ rí.

*

Àjíkẹ́ kò lọ sílé tààrà. Ó gba Ìrẹsà lọ, ó lọ bá Ìyá Ṣàngówùnmí, arúgbó kan tó ń dá gbé lẹ́yìn abúlé, tí àwọn aládùúgbò kì í fẹ́ dárúkọ rẹ̀ fún àlejò. Ọ̀sán gangan ni, síbẹ̀ inú yàrá náà ṣókùnkùn, ó sì tutù bí abẹ́ àpáta.

"Mo ti gbọ́," ni ìyá náà wí kí Àjíkẹ́ tó kúnlẹ̀ tán. "Kí lo wá fẹ́?"

"Mo fẹ́ kí ó dé ibi tí ọkọ mi dé, Ìyá."

"Ibo ni ọkọ rẹ dé?"

"Mi ò mọ̀. Ọjọ́ mọ́kànlá ni mo fi jókòó síbẹ̀, wọ́n ń sọ òyìnbó, wọ́n ń sọ Yorùbá, kò sí ẹni tó sọ ohun tí wọ́n ṣe fún un."

Arúgbó náà wá nǹkan kan lábẹ́ ẹní, ó pọ́n ọn sínú ewé, ó fi òwú dúdú wé e. Ó ní kí Àjíkẹ́ wá ìkòkò tuntun, kí ó ri nǹkan náà mọ́ abẹ́ rẹ̀, kí ó po aró sínú ìkòkò náà, kí ó dé e, kí ó má sì fi rẹ aṣọ oníbàárà kankan.

"Aṣọ ọkùnrin náà ni wàá rẹ níbẹ̀, èyí tó ti mu òógùn rẹ̀. Má jí i o, má sì rán ẹnikẹ́ni lọ jí i. Ẹni tó ń bá a gbé ni kó fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbé e fún ọ."

"Ta ni yóò gbé irú nǹkan bẹ́ẹ̀ fún mi?"

"Èmi lo ń bi?" Ìyá náà di ewé náà mọ́ ọn lọ́wọ́, kò sì tètè jọ̀wọ́ ọwọ́ rẹ̀. "Tún gbọ́ èyí. Ohun tó bá ṣe ẹni tó ni aṣọ, yóò ṣe ẹni tó gbé e wá. Mi ò lè yà wọ́n sọ́tọ̀. Bí o bá ti tì í bọ inú aró báyìí, ó parí nìyẹn."

*

Kọ́púrù padà sẹ́nu iṣẹ́ ní Ògbómọ̀ṣọ́. Ọ̀gá rẹ̀ ní ìwé adájọ́ ti dé, ọ̀rọ̀ ti tán.

Ní ọjà, bó ṣe ń bọ̀ ni àwọn obìnrin ń fi aṣọ bo igbá wọn. Wọn kò sọ pé àwọn ò tà. Wọ́n kàn bò ó ni, wọ́n sì gbójú sápá ibòmíràn. Onígbàjámọ̀ tó máa ń fá irun rẹ̀ ní abẹ òun ti kú. Nígbà tó kí àwọn àgbà tó jókòó lábẹ́ igi, wọ́n ń bá ọ̀rọ̀ wọn lọ bí ẹni pé atẹ́gùn ló kọjá. Kò sí ẹni tó ṣe ohun tí Kọ́púrù lè tìtorí ẹ̀ mú un.

Ní ọjọ́ kẹrin ni òórùn aró bẹ̀rẹ̀. Ó kọ́kọ́ rò pé láti ilé àwọn aláró ni, nítorí òórùn aró tó kan máa ń rìn jìnnà. Ṣùgbọ́n ó dé bárékè, ó ń gbọ́ ọ. Ó tan ìkòkò tábà rẹ̀, òórùn aró ló bá èéfín jáde.

"Hajarat, ta ló gbé aṣọ aró wọ ilé yìí?"

Ìyàwó rẹ̀, tí oyún rẹ̀ ti wọ oṣù kẹjọ, fa imú. "Kò sí nǹkan tí mò ń gbọ́, Kọ́púrù."

Ó jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ó ń wo ọwọ́ rẹ̀. Ìdí èékánná rẹ̀ ti ń dúdú díẹ̀díẹ̀, bí ti ẹni tí òtútù mú. Ó fi ọṣẹ fọ̀ ọ́, ó fi yanrìn ha á. Kò ṣí.

Ní ọjọ́ Ìsinmi tó tẹ̀lé e, Joseph wọ́dà wà nínú ilé ìsìn, ó di ìwé orin mú. Lójijì ó ké, ó ṣubú sáàárín ìjókòó, ara rẹ̀ ń gbọ̀n, ìfóòfó ń yọ lẹ́nu rẹ̀. Wárápá ni, irú èyí tó búra pé òun rí. Àwọn tó wà níbẹ̀ yẹ̀ fún un kí ó lè ráyè fẹsẹ̀ janlẹ̀. Wọn kò sì dá orin dúró.

Nígbà tí ọ̀rọ̀ náà dé etí Ṣàngótúndé, kò dúró gba àṣẹ. Ó wọ lọ́rì tó ń kó ẹ̀pà lọ sí Ọ̀yọ́.

*

Ní Ìsàlẹ̀ Ọ̀yọ́ ni Àáfà Mashood ń gbé. Ọkùnrin jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ kan ni, tó máa ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tí oorun ń kùn. Ó di ọwọ́ Kọ́púrù mú, ó yí i síhìn-ín, ó yí i sọ́hùn-ún, ó wo èékánná rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan.

"Ta ló ń bá ọ jà?"

"Aláró kan ni, Àáfà. Wọ́n ní mo pa ọkọ rẹ̀. Adájọ́ sì ti ní mi ò jẹ̀bi."

"Mi ò bi ọ́ ní ti adájọ́." Àáfà sọ ọwọ́ náà kalẹ̀. "Aláró kan ṣoṣo?"

"Òun nìkan ni, Àáfà."

Àáfà Mashood ṣe bí ẹni tó ń tẹ́tí sí nǹkan tó wà ní ẹ̀yìn ògiri. Lẹ́yìn èyí ló fa wàláà rẹ̀, ó kọ ọ́ kún tẹ́mútẹ́mú, ó fi omi fọ̀ ọ́ sínú àwo, ó sì rọ hàntú náà sínú ìgò. Ó ní kí Kọ́púrù máa mu ún ní òwúrọ̀ kùtùkùtù. Ó fún un ní tírà aláwọ mẹ́ta, ọ̀kan fún ọrùn, méjì fún apá. Ó tún di ẹ̀tù díẹ̀ sínú bébà, kí ó lọ da á sẹ́nu ọ̀nà aláró náà.

"Má jẹ ohun tí o ò fi ọwọ́ ara rẹ sè. Má mu omi tí o ò fi ọwọ́ ara rẹ fà. Bí ẹnikẹ́ni bá pe orúkọ rẹ, tí o ò bá rí ojú rẹ̀, má jẹ́. Ohun yòówù kí ó jẹ́, má jẹ́."

"Títí di ìgbà wo, Àáfà?"

"Títí yóò fi sú wọn," ni Àáfà wí.

Ìdajì ọ̀nà ni Ṣàngótúndé dé kí ó tó ronú sí i pé "wọn" ni ọkùnrin náà sọ.

*

Òwúrọ̀ ọjọ́ kan ni Àjíkẹ́ jí rí ẹ̀tù funfun lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀. Kó tó di ìrọ̀lẹ́, aró inú ìkòkò mẹ́fẹ̀ẹ̀fà tó fi ń ṣiṣẹ́ ti kú. Ó rẹ aṣọ síbẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta, ó ń jáde ràndánràndán bí aṣọ tí òjò ti pa fún ọdún kan. Ó gún elú tuntun, ó sẹ́ omi eérú mìíràn, kò gbà. Àwọn oníbàárà ń wá gba aṣọ wọn padà láì rẹ̀ ẹ́.

Ìkòkò keje nìkan, èyí tó pò bí arúgbó Ìrẹsà ṣe ní, tó dé sí kọ̀rọ̀, ló wà láàyè. Bó bá fi etí lé e, ó ń gbọ́ bó ṣe ń hó wẹ́wẹ́ láìsí iná.

Kò sì ní aṣọ kankan láti tì bọ̀ ọ́. Ó ti rò ó títí. Ẹni tó ń bá Kọ́púrù gbé kò ju ìyàwó rẹ̀ lọ, ìyàwó náà kò sì ní ìdí kankan láti wá sọ́dọ̀ rẹ̀.

Àríkẹ́, aládùúgbò rẹ̀ tó ń ta ọṣẹ, bá a níbi tó ti ń wo ẹ̀tù náà.

"Ẹ má fọwọ́ kàn án o," ni Àríkẹ́ wí. "Ẹ jẹ́ kí n bá yín gbá a."

"Kí lo fẹ́ fi gbá a?"

"Ohun tí mo ní lọ́wọ́ ni." Àríkẹ́ rẹ́rìn-ín díẹ̀. Ó wọlé rẹ̀, ó mú ìgbálẹ̀ kan jáde tí Àjíkẹ́ kò rí rí, tí wọ́n fi aṣọ pupa wé ìdí rẹ̀. Ó gbá ẹ̀tù náà, ó dojú ìgbálẹ̀ kọ ọ̀nà bárékè, kò sì jẹ́ kí Àjíkẹ́ bi òun ní ìbéèrè.

*

Kọ́púrù kò jáde mọ́. Ó rán Hajarat sí ọ̀gá rẹ̀ pé ibà ń ṣe òun. Ó fi pákó kan ojú fèrèsé, ó fi àpótí ti ilẹ̀kùn. Inú yàrá kan ló ti ń sè, ibẹ̀ ló ń sùn. Ìdájí nìkan ló máa ń sáré dé kànga, á fa omi rẹ̀, á sáré padà. Ṣùgbọ́n bí ilẹ̀ bá ti mọ́, á wo inú ìkòkò omi náà, á rí i pé ó ti dúdú díẹ̀ bí omi tí wọ́n fi ṣan aṣọ aró. Á dà á nù. Láti ọjọ́ méjì, hàntú Àáfà nìkan ló ń mu.

Dúdú náà ti kúrò ní èékánná, ó ti dé oríkèé ìka.

Ọ̀sán ni wọ́n máa ń pè é. "Ṣàngótúndé o!" Ohùn arúgbó ni. "Ṣàngótúndé!" Ohùn obìnrin ni. Nígbà mìíràn ó máa ń dàbí ohùn ọmọdé, wọ́n á máa fà á gùn bí ẹni ń ṣeré. Ó máa ń fi aṣọ di etí. Lọ́jọ́ kan ni ohùn kan pè é láti inú yàrá gan-an, lẹ́yìn rẹ̀, ohùn ọkùnrin tó ti gbẹ. Ó mọ ohùn náà. Ó bu ètè rẹ̀ jẹ títí ẹ̀jẹ̀ fi jáde, kò jẹ́.

Hajarat ń sùn ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Kọ́púrù kì í jẹun ọwọ́ rẹ̀ mọ́. Bí Hajarat bá dé kànga ní ọ̀sán, àwọn obìnrin á gbé korobá wọn kúrò, wọ́n á dúró lókèèrè títí yóò fi pọn tán. Bí okùn bá já, kò sẹ́ni tó máa bá a mú un. Ó ń fi oyún tẹ̀, ó ń fà á fúnra rẹ̀. Kì í ṣe pé wọ́n ń bú u, ó sì ti wù ú kí wọ́n bú u.

Ní ọjọ́ Jímọ̀, ó ṣí àpótí aṣọ rẹ̀, ó mú nǹkan kan ní ìsàlẹ̀ rẹ̀, ó dì í sábẹ́ ìborùn, ó sì lọ sí Ìsàlẹ̀ Àfọ́n lójú gbogbo èèyàn.

*

"Ẹ kúuṣẹ́ o, Ìyá Aláró."

Àjíkẹ́ gbójú sókè. Ó rí oyún náà kí ó tó rí ojú. Ó mọ ẹni tó jẹ́.

Hajarat kúnlẹ̀ pẹ̀lú ìnira. "Ẹ dákun, ẹ tú u sílẹ̀. Àwọn ìka rẹ̀ ti dúdú. Kì í mu omi mọ́. Mo wá bẹ̀ yín."

"Èmi ò tíì ṣe nǹkan kan."

"Ẹ dákun, Ìyá."

"Mo ní mi ò tíì ṣe nǹkan kan." Àjíkẹ́ fẹ́ purọ́ fún un, kò rí irọ́ pa. "Ó wù mí kí n ṣe é. Ohun tí n óò fi ṣe é ni mi ò ní."

Hajarat wò ó bí ẹni tí ilẹ̀ yọ̀ lábẹ́ rẹ̀. Ó tú ìborùn rẹ̀, ó gbé ohun tó wà níbẹ̀ kalẹ̀ síwájú ẹsẹ̀ Àjíkẹ́. Ẹ̀wù ọlọ́pàá ni. Ẹ̀jẹ̀ ti gbẹ mọ́ ọwọ́ rẹ̀ kan, àpá òógùn sì funfun ní abíyá.

"Òun ló wọ̀ lọ́jọ́ náà. Ó ní kí n dáná sun ún. Mi ò lè sun ún. Ẹ gbà á, ẹ̀yin lẹ ni ín."

Nínú ìkòkò tó wà ní kọ̀rọ̀, aró náà hó sókè débi pé ọmọrí rẹ̀ mì. Àwọn méjèèjì gbọ́ ọ.

"Kí ló ṣe fún ọkọ mi?" ni Àjíkẹ́ bi í.

Hajarat sọ ọ́. Ó ní òru ọjọ́ náà ni Kọ́púrù mu ọtí, tó sọ ọ́ fún òun. Kọ́púrù àti Joseph fi okùn so ọwọ́ Ògúndélé mọ́ àjà, ẹsẹ̀ rẹ̀ kò kanlẹ̀. Wọ́n ní kí ó dárúkọ ibi tí àwọn mẹ́fà náà wà. Kò dárúkọ. Wọ́n fi í síbẹ̀ láti ọ̀sán ọjọ́ Ìṣẹ́gun di àfẹ̀mọ́júmọ́ Ọjọ́rú.

"Ó sọ̀rọ̀?"

"Ó sọ ọ̀rọ̀ kan." Hajarat ń sunkún. "Kọ́púrù kò sọ ọ̀rọ̀ náà fún mi. Ó ní ọ̀kan náà ló ń sọ títí ó fi dákẹ́."

Àjíkẹ́ mú ẹ̀wù náà. Ó lọ sí kọ̀rọ̀, ó ṣí ìkòkò keje. Aró náà dúdú, ó ń dán, ìfóòfó rẹ̀ ń yí po. Ó na ọwọ́ tó mú ẹ̀wù náà sórí rẹ̀. Ibi tí ọkọ rẹ̀ dé nìyẹn, ó ti wá mọ̀ ọ́n. Ó bojú wẹ̀yìn. Hajarat ṣì wà lórí eékún, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé ikùn rẹ̀, ó ń wò ó, kò mọ ohun tó fẹ́ ṣẹlẹ̀ sí òun.

Ọwọ́ Àjíkẹ́ wà níbẹ̀ pẹ́. Lẹ́yìn náà ó fi ọwọ́ kejì dé ìkòkò náà padà.

"Dìde," ó wí. "Mú mi lọ sọ́dọ̀ rẹ̀."

*

Àjíkẹ́ kò pe ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n bí wọ́n ṣe ń lọ, tó gbé ẹ̀wù náà kọ́ apá, àwọn èèyàn ń jáde láti ojúlé. Àríkẹ́ jáde, onígbàjámọ̀ jáde. Àwọn àgbà abẹ́ igi dìde. Kí wọ́n tó dé bárékè, ojú ọ̀nà ti kún, ọ̀gá ọlọ́pàá tó jáde wá wò wọ́n sì rọra padà sínú ilé.

Àjíkẹ́ dúró sẹ́yìn fèrèsé tí wọ́n kàn pa.

"Ṣàngótúndé."

Inú ilé dákẹ́.

"Ìwọ Ṣàngótúndé, èmi Àjíkẹ́ ni. Ẹ̀wù rẹ wà lọ́wọ́ mi. Mi ò fi ṣe nǹkan kan." Ohùn rẹ̀ kò ga. "Ọ̀rọ̀ kan péré ni mo wá gbọ́. Kí ni ọkọ mi ń sọ?"

Nínú yàrá, nǹkan kan ṣubú, ó fọ́. Wọ́n gbọ́ ẹsẹ̀ tó ń wọ́lẹ̀ bọ̀. Pákó fèrèsé kérora bí ẹni pé èèyàn fi iwájú orí tì í.

"Omi," ni Ṣàngótúndé dáhùn.

Àjíkẹ́ súnmọ́ fèrèsé náà.

"O fún un?"

"Mi ò fún un." Ohùn náà ti gbẹ, ó ń ya. "Ó ń tọrọ omi. Mo jókòó níbẹ̀, mò ń mu tèmi. Ẹ gbà mí. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà níbẹ̀, ẹ gbà mí."

"Mo ti gbọ́," ni Àjíkẹ́ wí. Ó yí padà. Àwọn èèyàn là fún un, wọ́n sì túká lẹ́yìn rẹ̀ láì sọ̀rọ̀, bí wọ́n ṣe túká ní Ọ̀yọ́.

*

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà ni òùngbẹ mú Kọ́púrù. Fúnra rẹ̀ ló fa àpótí kúrò lẹ́nu ilẹ̀kùn, ló pe Hajarat. Hajarat bu omi fún un. Omi dé ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀, ó padà. Ó tún gbé e, ó padà. Wọ́n fi ṣíbí sí i lẹ́nu, wọ́n fi òwú tutù nù ún ní ètè, kò wọlé. Ó ja tírà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sọnù, ó da hàntú tó kù sí ẹnu, òun náà padà. Ọjọ́ mẹ́rin ló fi ń sọ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo. Ní ọjọ́ karùn-ún ó dákẹ́. Dókítà ìjọba kọ ọ́ sínú ìwé pé ibà ni.

Lẹ́yìn tí wọ́n sin ín, Hajarat padà lọ sí Ìsàlẹ̀ Àfọ́n. Kò lè rin ọ̀nà Ọ̀yọ́ lọ sọ́dọ̀ àwọn èèyàn rẹ̀ pẹ̀lú oyún náà, kò sì sí ẹlòmíràn tó mọ̀ ní ìlú.

"Ṣé ẹ̀yin ni?" ó bi í.

Àjíkẹ́ wọ inú yàrá, ó mú ẹ̀wù náà jáde. Ó gbẹ. Ẹ̀jẹ̀ ṣì wà lápá rẹ̀, òógùn ṣì wà ní abíyá rẹ̀, aró kò kàn án rárá.

"Ta wá ni, Ìyá?"

Àjíkẹ́ ti fọ́ ìkòkò keje. Ó tẹ́ ẹní fún un ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ní kí ó máa gbé níbẹ̀ títí yóò fi bímọ.

Àwọn obìnrin ń kọjá lọ sọ́jà ní ojúde. Gbogbo wọn ló ń yà kí Hajarat báyìí. "Ìyàwó, ẹ kú ìrọ́jú." "Ìyàwó, Ọlọ́run á sọ̀ ọ́ láyọ̀." Obìnrin arúgbó kan tí ohùn rẹ̀ jọ ohùn tó máa ń pe Kọ́púrù ní ọ̀sán kí i tẹ̀ríntẹ̀rín. Ìyá kan ṣe "pẹ̀lẹ́" fún un, ó fi ọwọ́ pa ikùn rẹ̀. Hajarat ń wo ojú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń wá nǹkan kan níbẹ̀, kò rí i.

Àríkẹ́ ti kànga dé. Ó sọ ìkòkò rẹ̀ kalẹ̀, ó bu omi kún igbá, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé e fún un.

"Oòrùn mú, ìyàwó. Mu omi."

Hajarat wo inú igbá náà. Omi náà mọ́. Ó wo Àjíkẹ́, Àjíkẹ́ ń gún elú, kò gbójú sókè. Àwọn obìnrin mẹ́ta mìíràn ti dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ Àríkẹ́, wọ́n ń rẹ́rìn-ín sí i jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, wọ́n ń dúró dè é.

Ó gbé igbá náà sẹ́nu, ó mu ún. Níbo ló tún fẹ́ ti rí omi mu?